Òróró Kan Náà, Ara Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú ní Warri, tí oòrùn sì yọ lójijì, òórùn mẹ́ta ló máa ń dìde pa pọ̀ ní Airport Road: ti ọ̀dà títì tó ń gbẹ, ti èéfín kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, àti ti bọ̀ọ̀lì tí obìnrin kan ń sun lẹ́bàá gọ́tà. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, òórùn kẹrin wà tí mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi láàárọ̀, òun ló máa kọ́kọ́ jáde wá pàdé mi, jẹ́jẹ́, ó tutù, bí ẹni pé ẹnì kan sun inú ibẹ̀ mọ́jú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Màá dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé. Mi ò fẹ́ dà á láàmú.

Àbúrò bàbá mi ni àǹtí mi yìí, ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, wọ́n sì ti ń ta túráre ní Warri kí a tó bí mi. Lọ́fíndà olóròóró ni túráre yìí, èyí tí kò ní ọtí nínú, tí àwa Mùsùlùmí lè fi kírun láìkọminú. Inú ìgò ńlá tó ń dán bíi fàdákà ló máa ń wà tó bá ti Kánò dé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́ fà á, kí n dà á sínú àwọn ìgò kéékèèké tó ní bọ́ọ̀lù róbótó lẹ́nu, èyí tí èèyàn fi ń yí i sára. Kíláàsì kejì ní girama ni mo kà dé kí wọ́n tó mú mi wá sọ́dọ̀ àǹtí mi. Ojú a máa tì mí púpọ̀ nígbà yẹn. Tí kọ́sítómà bá bi mí ní ìbéèrè, ṣe ni ohùn mi á sá wọ inú ikùn lọ. Ṣùgbọ́n ìgò kì í bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Tí mo bá ti ń da òróró, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n, ọkàn mi á sì lọ jìnnà, síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè pè mí.

Nínú gbogbo òróró tó wà níbẹ̀, ọ̀kan wà tí àǹtí mi ń pè ní olódòdó. Tí o bá ṣí ìgò rẹ̀, òdòdó funfun lo máa kọ́kọ́ gbọ́, irú èyí tó máa ń ṣí nírọ̀lẹ́ lára ọgbà àwọn ilé ńláńlá. Tó bá ṣe díẹ̀, ewé kan á yọjú lábẹ́ rẹ̀, ó jọ ẹfinrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ ra, ó sì korò díẹ̀ nígbẹ̀yìn. Bó ṣe rí nínú ìgò nìyẹn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í rí bẹ́ẹ̀ lára ẹnikẹ́ni. Lára àǹtí mi, ó máa ń dùn bí oyin tí wọ́n gbé sítòsí iná. Lára Ìyá Àdínì, tí í ṣe olórí àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wa, ó máa ń rọ̀ bí àtíkè ọmọ tuntun. Obìnrin ẹlẹ́ja kan wà nínú ẹgbẹ́ wọn tó jẹ́ pé tiẹ̀ máa ń dà bí ìgbà tí èèyàn ń bó ọsàn. Mo máa ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé ní Ekete nírọ̀lẹ́, màá di ojú, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ wọlé, màá sì mọ̀ pé ẹnì kan nínú àwọn tí a ta òróró yẹn fún jókòó sítòsí mi. Ẹni náà ò ní mọ̀. Ó máa ń dùn mọ́ mi pé mo mọ nǹkan kan nípa èèyàn láìjẹ́ pé a sọ̀rọ̀.

Lára tèmi ńkọ́? Ọjọ́ kejì tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ni mo jí i yí sí ọrùn ọwọ́ mi. Òdòdó náà yọjú, ó wò mí, ó sì padà sẹ́yìn. Kí n tó gbálẹ̀ tán, ewé nìkan ló kù, ewé kíkorò pẹ̀lú èèpo igi, àfi bí ìkòkò àgbo tí wọ́n sè kalẹ̀ tó ti tutù. Mo sáré lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Mo rò pé ara mi ló ní àbùkù, pé òdòdó mọ irú ẹni tó yẹ kó bá gbé. Láti ọjọ́ náà, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ni mò ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá di ìgbà kan tí àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí kan ní Sapele ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá bá wa ṣe àsàlátù ọjọ́ Sunday. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ fẹ́ kí gbogbo wọn ran híjáàbù tuntun. Ìyá Àdínì ní rárá, pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lágbára rẹ̀, àwọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí aṣọ jókòó sílé. Wọ́n wá ní, "Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òórùn kan náà la máa fi pàdé wọn." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ gbogbo èèyàn. Olódòdó ni wọ́n mú, ó sì di ọwọ́ mi láti da ìgò kọ̀ọ̀kan fún obìnrin kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ méjì ni mo fi dà á. Bí mo ṣe ń dà á ni mo mọ̀ pé kò ní jẹ́ òórùn kan náà. Mo mọ̀ ọ́n dájú. Ẹnu tí màá fi sọ ọ́ ni mi ò ní.

Àwọn àlejò dé lọ́jọ́ náà. Yàrá àwọn obìnrin kún, ooru mú, fáànù ń yí láìfẹ́. Nígbà tí wàásí fi máa wọra, oyin ti ń bọ̀ láti apá kan, ọsàn láti ibòmíràn, àtíkè láti iwájú. Ní tèmi, ṣe ló dà bí ẹni pé mò ń rìn lójú àlá láàárín ọgbà kan tí igi kọ̀ọ̀kan ti ń sọ èdè tirẹ̀. Àwọn àlejò rò pé oríṣiríṣi òróró la fi para. Wọ́n yìn wá, wọ́n jẹun, wọ́n sì lọ. Mo ti ń rò pé ó ti tán.

Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́, tí a ń pè ní ìyàwó ẹnjiníà, ló wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Ìjẹ̀bú ni wọ́n, iṣẹ́ epo ló gbé ọkọ wọn láti Èkó wá sí Warri, kò sì tíì ju oṣù mélòó kan lọ. Ìdí ògiri ni wọ́n máa ń jókòó sí ní àsàlátù. Àwọn yòókù á kí wọn dáadáa, wọ́n á sì padà sínú ọ̀rọ̀ Pidgin wọn, ìyàwó ẹnjiníà á kàn máa rẹ́rìn-ín díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń tọ́jú àyè fún tí kò tíì dé. Lọ́jọ́ yìí, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń lọ sílé lánàá, ọkọ àwọn yí gíláàsì mọ́tò wálẹ̀, ó sì ń bèèrè ta ló gbé àgbo sínú mọ́tò. Wọ́n gbé ìgò wọn ka orí tábìlì.

"Lára Ìyá Àdínì, àtíkè ọmọ tuntun ni. Lára mi, àgbo. Ṣé ọ̀kan náà nìyẹn? Ọmọ yín ti bùlà á, ó fi òróró mìíràn kún tèmi."

Àǹtí mi wò mí. "Ṣé o fi nǹkan kún un ni?"

Mo mi orí pé rárá, ṣùgbọ́n ojú mi ti lọ sílẹ̀, o sì mọ bí ó ṣe máa ń rí tí ojú èèyàn bá lọ sílẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìyàwó ẹnjiníà lọ tán, àǹtí mi ò pariwo. Wọ́n nu tábìlì, wọ́n nu ibi tí kò lẹ́gbin pàápàá. Wọ́n wá ní àwọn ò gbà gbọ́ pé mo lè ṣe é, ṣùgbọ́n tí ẹgbẹ́ bá fi lè sọ pé àbùlà wà nínú ọjà àwọn, mi ò ní fọwọ́ kan ìgò mọ́, ilé bàbá mi ni màá padà sí. Wọ́n ní èmi fúnra mi ni màá dáhùn níwájú wọn lọ́jọ́ Sunday, pé àwọn ò lè bá mi sọ ohun tí mi ò sọ fún àwọn.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi to ọ̀rọ̀ jọ. Mo tò ó nínú kẹ̀kẹ́, mo tò ó nídìí ẹ̀rọ omi. Nígbà tí ọjọ́ pé, tí àsàlátù parí, tí Ìyá Àdínì sì ní, "Ọmọ mi, sọ tẹnu rẹ," kò sí ẹyọ kan tó kù. Mo dìde láàárín wọn. Mo ń gbọ́ bí omi ẹ̀rọ ṣe ń kán níta.

Obìnrin ẹlẹ́ja ní, "Talk na. Nobody go chop you." Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Mi ò mọ ohun tó gbé ẹsẹ̀ mi. Mo rìn lọ sọ́dọ̀ ìyàwó ẹnjiníà, mo kúnlẹ̀, mo sì na ọwọ́ sí ìgò wọn. Wọ́n dì í mú díẹ̀ kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀. Mo yí òróró inú rẹ̀ sí ọwọ́ Ìyá Àdínì. Lẹ́yìn náà ni mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè. Ó lè má jọ nǹkan kan létí rẹ, ṣùgbọ́n ní tèmi, ṣe ló dà bí ìgbà tí mò ń bọ́ra. Mo yí i sí ọrùn ọwọ́ tèmi náà, lójú gbogbo wọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀."

Wọn ò mọ ohun tí a ń dúró dè. Ìyá Àdínì kàn rọra bẹ̀rẹ̀ sí í ké sàláátù lábẹ́ ohùn, àwọn yòókù sì gbè é, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn. Mo di ojú. Mo gbọ́ tí òdòdó dìde lára Ìyá Àdínì tó ń di àtíkè. Mo gbọ́ tí òdòdó dìde lára tèmi pẹ̀lú, mo sì bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi, fún ìgbà àkọ́kọ́, pé kó má dúró. Kó máa lọ. Kó jẹ́ kí ewé jáde.

Nígbà tí mo la ojú, Ìyá Àdínì ń gbóòórùn ọwọ́ ara wọn, wọ́n sì ní, "Bí tèmi ṣe máa ń rí náà nìyí." Ìyàwó ẹnjiníà ti tẹ̀ síwájú. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n sì tẹ orí ba, ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èémí wọn fi gbóná lára mi.

"Àgbo," ni wọ́n wí, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀. "Ìwọ náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Láti ọjọ́ kejì tí mo dé ṣọ́ọ̀bù."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ojú ló ń tì mí."

Wọ́n jókòó sórí ẹní níbi tí wọ́n wà, wọn ò padà sí ìdí ògiri. Wọ́n ní kì í ṣe òórùn náà gan-an ló bí àwọn nínú. Wọ́n wá sọ ọ́ bí ẹni ń bá ọwọ́ mi sọ̀rọ̀: "Mo rò pé ọjọ́ yẹn ni èmi náà máa dà bíi yín."

Obìnrin ẹlẹ́ja wo àwa méjèèjì. "So na una two be agbo," ló wí. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó ẹnjiníà, tí àwàdà Pidgin máa ń kọjá lórí wọn, gbọ́ ìyẹn yékéyéké, àwọn ni wọ́n sì rẹ́rìn-ín jù, wọ́n ń fi etí híjáàbù nu ojú. Kò pẹ́ tí kálukú fi ń na ọwọ́ sí ẹnì kejì, tí wọ́n ń gbóòórùn ara wọn, tí wọ́n ń ṣàríyànjiyàn lórí ẹni tó jọ ọsàn àti ẹni tó jọ àkàrà. Obìnrin tí wọ́n ní ó jọ àkàrà yẹn ò gbà títí a fi túká. Bí a ṣe ń lọ sílé, àǹtí mi ní ìgò ńlá tuntun ń bọ̀ láti Kánò lọ́la, èmi ni kí n ṣí i.

Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ mi ni ìyàwó ẹnjiníà máa ń jókòó sí ní àsàlátù. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọwọ́ wa kàn máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ẹní. Mi ò fọ òróró náà kúrò mọ́. Bí mi ò ṣe fọ̀ ọ́ ni mo fi mọ ohun kan tí mi ò tíì dúró tó láti mọ̀ tẹ́lẹ̀: tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí òdòdó ti lọ lára gbogbo èèyàn, ewé á ṣì wà lára àwa méjèèjì. Á ti fi ìkorò sílẹ̀, á wá dà bí ilẹ̀ oko lẹ́yìn òjò. Lẹ́yìn ọdún kan, iṣẹ́ tún gbé ọkọ wọn lọ síbòmíràn. Ìgò méjì olódòdó ni wọ́n rà dání.

Mo ti ní tábìlì tèmi báyìí ní Okumagba Layout. Ojú ṣì ń tì mí. Ṣùgbọ́n mi ò kì í ta òróró fún ẹnikẹ́ni nínú ìgò lásán. Màá yí i sí i lọ́wọ́, màá ní kó rìn dé ìdí òpó iná, kó sì padà wá. Àwọn kan máa ń padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹlòmíràn á padà wá tó ti fajú ro, tó na ọwọ́ jìnnà sí ara bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Mo mọ ohun tó gbọ́, mo sì mọ ohun tó ń rò nípa ara rẹ̀. Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí màá fi tù ú nínú. Màá ká ọwọ́ aṣọ mi sókè, màá sì gbé ọwọ́ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.