Àbúrò Mi Tó Ń Dúró Níwájú Ẹni Tó Ń Ju Bọ́ọ̀lù

Ilé ìránṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Al-Mahjar, àdúgbò kan ní Jídà, ni mo wà nígbà tí ọ̀kan nínú àwa obìnrin tí a jọ ń ránṣọ na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ti rí orúkọ àbúrò mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ iye ọdún tó fi gbá bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà síbẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tó bá gbá a, wọ́n sì kọ owó iṣẹ́ rẹ̀ sísàlẹ̀. Owó náà gùn débi pé a ò mọ bí a ṣe máa pè é. Obìnrin náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

“Àlàájà, ọmọ ìyá yín ló ní owó yìí, ẹ sì ń bá wa rán abáyà níbí?”

Mo ní kó jẹ́ kí n rí iṣẹ́ mi ṣe. Kì í ṣe pé inú bí mi. Èmi náà ò mọ ibi tí owó náà gbà lọ ni.

Èmi ni àkọ́bí ìyá wa, òun ni àbíkẹ́yìn. Ọdún mẹ́rìnlá ló wà láàrin wa. Ẹ̀yìn mi ló ti ń sùn nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, èmi ni mo sì mú un lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ti ga débi pé ó ní láti tẹ orí ba kó tó lè wọ yàrá ìyá wa. Ọkùnrin kan tó ń wá àwọn ọmọ gíga fún bàsíkẹ́ẹ̀tì rí i, ó sì bá a wá ilé ìwé kan ní Amẹ́ríkà tí kò ní san kọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni kóòṣì kan ti wò ó tó ní bọ́ọ̀lù tiwọn gan-an ló yẹ kó gbá, èyí tí wọ́n ń gbé sáré lọ́wọ́, tí wọ́n ń dé akoto, tí wọ́n sì ń fi gbogbo ara kọ lu ara wọn. Ọdún tó kúrò nílé náà ni mo wá síbí láti ṣe úmúrà, ìjọsìn tí a ń lọ ṣe ní Mẹ́kà, tí mi ò sì padà sílé mọ́.

Orí fóònù ni mo ti máa ń wò ó. Ọdún méjì ni mo fi ń retí kí bọ́ọ̀lù kan ọwọ́ rẹ̀, kó tó wá ṣàlàyé fún mi pé iṣẹ́ tòun kò kan bọ́ọ̀lù rárá.

“Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù wà lẹ́yìn mi, Àǹtí. Àwọn tó fẹ́ gbé e ṣubú ń bọ̀ níwájú. Èmi ni mo máa dúró láàrin, kó jẹ́ pé èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ lù.”

Mo bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń kọ lù ú lọ́jọ́ kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kì í kà á. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti tò síwájú ara wọn báyìí, màá da fóònù dojú bolẹ̀, ó di ìgbà tí mo bá rò pé wọ́n ti dìde kí n tó tún gbé e.

Ọdún mẹ́jọ ló fi gbá a. Orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ bà jẹ́, lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ tó wà gbẹ̀yìn sọ fún un pé àwọn ò lò ó mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọjọ́ orí tí àwọn ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí iṣẹ́.

Ọdún kẹfà lẹ́yìn ìyẹn ló pè mí pé òun ń bọ̀ wá ṣe úmúrà. Mi ò lè lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Mi ò ní ìkámà, ìwé tí ìjọba fi ń gba àlejò láyè láti máa gbé níbí, ọlọ́pàá sì pọ̀ ní pápákọ̀. Takisí ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa. Ó ní láti fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ara rẹ̀ sì gba gbogbo ilẹ̀ yàrá náà. Ogún ọdún ti kọjá tí a ti rí ara wa kẹ́yìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tó ti sinmi, mo béèrè ọ̀rọ̀ owó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní àwọn ènìyàn ò yọ mí lẹ́nu ni, ǹ bá má béèrè.

“Àǹtí, iye inú ìwé àdéhùn ni wọ́n kọ yẹn. Tí mo bá gbá a dópin ni màá gbà á tán. Wọ́n dá mi dúró kí n tó dé ìdajì.”

“Ìdajì náà ńkọ́?”

“Ìjọba mú owó orí níbẹ̀, ẹni tó ń bá mi wá ẹgbẹ́ mú tirẹ̀. Ẹ mọ ilé tí mo kọ́ fún Màámi. Ẹ mọ owó ilé ìwé àwọn ọmọ gbogbo yín. Mo kó èyí tó kù fún ọkùnrin kan tó ní òun máa bá mi fi ṣòwò. Ilé oúnjẹ ló fi ṣí. Wọ́n ti tì í pa.”

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

“Àǹtí, ṣé Màámi ti jẹun?”

Ìyá wa ti kú láti ọdún mẹ́rin. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló pè mí láti túfọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo rò pé àárẹ̀ ìrìn àjò ni, mo sì rọra rán an létí. Ó wò mí, ó bú sẹ́kún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Mo gbá orí rẹ̀ mọ́ àyà. Lọ́jọ́ kejì ó tún béèrè, mo tún sọ fún un, ó sì tún sunkún bákan náà gẹ́lẹ́. Nígbà tó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní Màámi ti jẹun. Inú rẹ̀ dùn, ó sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Èmi ni mi ò lè rán nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Mo pe ìyàwó rẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, Kìrìsìtẹ́nì ni. Ó ní bíi ọdún méjì ni nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀, pé àwọn dókítà ní orí tí wọ́n ń kọ lù ní gbogbo ọdún tó fi gbá bọ́ọ̀lù ló fà á. Òun ò mọ̀gbà tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àbúrò mi ti ní òun fẹ́ lọ tọrọ ìlera níwájú Káábà, kò sì sẹ́ni tó lè dá a dúró.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dá lọ síbì kankan.”

Mo ṣèlérí fún un.

Ará ìlú wa kan tó ní ìwé ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ sí Mẹ́kà. Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò lọ́nà, ẹ̀rù bà mí gan-an. Ọlọ́pàá gba pásípọ́ọ̀tù àbúrò mi, ó wo bó ṣe tóbi tó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní ká máa lọ. Kò wo ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí mo wà.

Gbogbo àdúà tí bàbá wa kọ́ wa ló kà láìṣe àṣìsọ níbi ìyípo Káábà. Èmi gan-an ni mo ń gbàgbé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé Ọlọ́run ti gbọ́ tiwa.

Ọ̀dọ̀ Àlàájà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi la wọ̀ sí, ní Rusaifah, àdúgbò kan ní Mẹ́kà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wọlé lọ ṣe alùwàlá. Nígbà tí mo jáde, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀, bàtà rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Fóònù rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí. A wá gbogbo àdúgbò, a béèrè ní mọ́sáláṣí, a béèrè lọ́wọ́ àwọn oníbúrẹ́dì. Oòrùn ti mú.

“Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún ọlọ́pàá,” ni Àlàájà wí. Lẹ́yìn náà ló rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n bí síbí, tó ní ìwé, ló bá wa pe ọlọ́pàá. Lárúbáwá ló fi ń dáhùn gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ ń bi í lédè Yorùbá. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni wọ́n pè é padà: ọkùnrin gíga kan ti ṣubú lójú títì nínú oòrùn, ó ti wà ní ọsibítù.

A jọ lọ. Ní ẹnu géètì, ẹ̀ṣọ́ béèrè ìkámà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Ọmọ náà fi tirẹ̀ hàn, ó sì wọlé. Èmi sọ pé mo gbàgbé tèmi sílé.

“Ẹ lọ mú un wá,” ni ẹ̀ṣọ́ náà sọ. Kò sọ ọ́ tìbínú tìbínú.

Mo kọjá sí òdì kejì títì, mo dúró lábẹ́ ògiri ilé kan títí wọ́n fi pe ìrun àsárì. Mo ń ka fèrèsé ọsibítù náà, bí ẹni pé mo mọ èyí tí àbúrò mi wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà jáde, ó ní ara rẹ̀ ti balẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ń béèrè ẹbí rẹ̀ tó máa tọwọ́ bọ̀wé. “Mo sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà,” ni ó wí. Kò dárúkọ mi. Ó ṣe é kó lè dáàbò bò mí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gba físà kíákíá, ó sì dé Jídà láàrin ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò lè wọ Mẹ́kà. Òun jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì ní Jídà, èmi dúró lẹ́yìn géètì ní Mẹ́kà, àwa méjì tó mọ̀ ọ́n jù lọ láyé, kò sì sí èyí tó lè dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ló ń wọlé tó ń jáde.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ bá ìyàwó rẹ̀, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn tì í jáde, mo sì sáré gba ojú títì kọjá. Ó mọ̀ mí.

“Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ò wọlé wá wò mí?”

“Wọn ò jẹ́ kí n wọlé.”

“Ẹ ò bá ti sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí ẹ wọlé.”

Mo ní n kò rántí ni. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ pè mí. Owó ìrànwọ́ kan wà fún àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù náà tí wọ́n sì ní irú àìsàn yìí, ó sì fẹ́ kí n kọ ohun tí mo fojú mi rí ní Jídà. Mo kọ ọ́ ní kúlẹ̀kúlẹ̀. Ó wá ní mo gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba, pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù mi. Pásípọ́ọ̀tù mi ti kọjá àkókò tipẹ́tipẹ́. Mo sọ fún un pé mi ò lè lọ. Ó ní ó yé òun.

Wọ́n ti ń san díẹ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀ báyìí. Mi ò mọ̀ bóyá ìwé tèmi ì bá mú kó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló wà, àárọ̀ ló sì máa ń dáa fún un jù. A máa ń rí ara wa lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀. Nígbà mìíràn á sọ̀rọ̀ pẹ́, nígbà mìíràn á kàn máa wò mí, èmi náà á sì máa wò ó títí ìyàwó rẹ̀ á fi gba fóònù náà.