Aràn Inú Fíríjì Wa

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sin adìyẹ sẹ́yìn ilé wa ní Ìṣẹ́, ẹyin nìkan ni mo rò. N kò ro ti eṣinṣin. Àfi bí òjò ṣe dé, tí ìgbẹ́ adìyẹ rin, tí ìdin kún inú rẹ̀, ni eṣinṣin bá gba ilé lọ́wọ́ wa. A ò lè ṣí ọbẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rù sì ń bà mí láti máa fín oògùn sí ibi tí adìyẹ ti ń ṣa nǹkan jẹ.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi, tó ń ṣe olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, gbé ìgò omi kan wálé.

"Aràn ló wà nínú ẹ̀," ó ní. "Wọ́n kéré débi pé ojú lásán ò lè rí wọn. Inú ìdin ni wọ́n ń wọ̀, wọn á pa á kó tó di eṣinṣin. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń sìn wọ́n ní láàbù."

Ìyá rẹ̀, tó ń gbé pẹ̀lú wa, gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Aràn kẹ̀? Èyí tí à ń fi oògùn lé kúrò níkùn ọmọ, òun lo gbé wọ ulé?"

"Màámi, kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan."

"Ó dáa. Mu ún kí n rí ọ."

Ọkọ mi rántí lójijì pé òun fẹ́ lọ wẹ̀. Ó ti ìgò náà sínú fíríjì kí ooru má baà pa aràn inú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, aládùúgbò wa kan, bàbá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, wá fi ẹjọ́ eṣinṣin sùn. Oòrùn ti pa á. Ọkọ mi sáré bu omi tútù fún un láti inú ìgò tó kọ́kọ́ bá ọwọ́ rẹ̀ nínú fíríjì. Bàbá ti gbé ife dé ẹnu kí màámi tó figbe ta: "Aràn ni o!"

Ife já bọ́. Bàbá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Eṣinṣin yín ni mo wá sọ. Ẹ wá fẹ́ fi aràn dá mi lóhùn?"

Ẹ̀rín pa wá títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Bàbá fúnra rẹ̀ ló bá wa gbé ìgò jáde nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, tí a da èyí tó kù pọ̀ mọ́ omi, tí a wọ́n ọn sórí ìgbẹ́ náà.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ìdin fi ń rọ, tí wọ́n ń pàwọ̀ dà. Àwọn tó wà nínú ìgbẹ́ tuntun nìkan ni kò kú. Ọkọ mi ní òórùn líle ibẹ̀ ló pa aràn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tètè kó ìgbẹ́ tuntun kúrò.

Eṣinṣin ò tán pátápátá, ṣùgbọ́n a tún ń jẹun ní gbàgede. Bàbá wá bá wa jẹ iyán níbẹ̀. Bó ṣe ń fọ ọwọ́, ó bi ọkọ mi bóyá ó lè bá òun wá aràn náà díẹ̀ fún ibi tí òun ń so ewúrẹ́ mọ́.