Òjé Inú Ẹ̀fọ́

Onímú ni wọ́n ń pè é nílé, orúkọ náà sì bá a dé ibi iṣẹ́. Kì í ṣe pé imú rẹ̀ tóbi. Láti kékeré ni kì í ti í jẹ ohunkóhun láìkọ́kọ́ gbé e sí imú. Omi tó bá sùn mọ́jú nínú ife, kò ní mu ún. Ìyá wọn a máa ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọkọ tó máa fẹ́ ọ, àfi kó máa wẹ̀ kó tó kí ọ káàárọ̀." Ọkọ náà dé, mẹkáníìkì ni. Òórùn epo ọkọ̀ kì í kúrò lára rẹ̀, Onímú sì fara dà á, nítorí ìfẹ́ kò mọ imú.

Láàbù tí wọ́n ti ń yẹ oúnjẹ inú agolo àti inú ọ̀rá wò ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń sá ẹ̀fọ́ gbẹ, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè, a máa gbé díẹ̀ wá síbẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Onímú á wọn ẹ̀fọ́ náà, á da ásíìdì sí i, á gbé e ka iná nínú àpótí onígíláàsì tó ń fa èéfín síta, títí ewé á fi yòrò tán, tí kò ní ku nǹkan kan ju omi tó mọ́ gaara lọ. Omi yẹn ni á wá fún ẹ̀rọ mu. Ẹ̀rọ á fi iná jó o, á sì sọ bí òjé ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀. Irin olóró tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ ni òjé, kì í sì í rùn. Bó bá wọnú ẹ̀fọ́, ahọ́n kì í mọ̀, ojú kì í rí i. Imú tó mú bíi ti ajá kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Ohun tí Onímú kórìíra jù nípa rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀gbin tí kò jọ ẹ̀gbin.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ, ń gbé ní àdúgbò kan náà. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, obìnrin ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ ni. Ọmọ náà ti ń rù. Inú ń run ún, ó ń ké láìnídìí, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ti ń sọ sì ti ń sá lọ lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Onímú yà kí wọn, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti ń po ẹ̀fọ́ lílọ̀ mọ́ oúnjẹ ọmọ. Ọ̀rá ẹ̀fọ́ náà, tí wọ́n ya ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín sí, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Àǹtí, kí lẹ ń fún un yẹn?"

"Ẹ̀fọ́ ni. Wọ́n ní ó ń fún ọmọ lẹ́jẹ̀. Ó kọ̀, kò jẹ ti tútù, ṣé kí n máa wò ó ni?"

"Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń fún un?"

"Àtìgbà tí mo ti gbọmú lẹ́nu ẹ̀ ni. Má gbé imú ẹ dé o. Omi gbígbóná ni mo fi pò ó."

Onímú gbé ọ̀rá náà sí imú. Òórùn ewé gbígbẹ lásán ni. Ó sì mọ iléeṣẹ́ tó ṣe é. Oníbàárà láàbù wọn ni, èsì wọn kì í sì í ní àbàwọ́n rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ jẹun tán, ó rí ohun dúdú kan tó sùn sí ìdí abọ́ bí iyanrìn. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó rí hàràhàrà. Ó tọrọ ìyókù ẹ̀fọ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tí ẹ̀rọ mu omi ẹ̀fọ́ yẹn, iye tó sọ ju ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹ lọ fíìfíì. Kó má baà jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń purọ́, Onímú fọ gbogbo ìgò rẹ̀ lákọ̀tun, ó fún un ní omi lásán. Ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó já ewé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ wá, ìyẹn náà mọ́. Ó wá ra irú ọ̀rá kan náà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn, òjé ló bá nínú gbogbo wọn. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"Àǹtí, ẹ má fún un mọ́. Òjé wà nínú ẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù báyìí, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò."

Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń fún un. Tó bá pa ẹnu dé, ṣe ni mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yà á."

Òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà lóòótọ́.

Ọ̀gá láàbù ń jẹ ẹ̀pà lórí tábìlì rẹ̀ nígbà tí Onímú gbé èsì ẹ̀fọ́ náà wọlé tọ̀ ọ́. "Ta ló gbé e wá?" ló kọ́kọ́ bi í.

"Mo rà á ní ṣọ́ọ̀bù ni, sà."

"Kì í ṣe iṣẹ́ wa nìyẹn. Ohun tí oníbàárà bá gbé wá là ń yẹ̀ wò."

"Sà, ohun tí wọ́n ń gbé wá fún wa kọ́ ni wọ́n ń tà."

"Oníbàárà wa ni. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Màá pè é, ká jọ sọ ọ́."

Onílé-iṣẹ́ náà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ẹlẹ́fọ̀ọ́, wá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì nínú aṣọ funfun báláú, ó ń ta sánsán. Kò bínú. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Onímú tán, ó ní kí wọ́n fún òun ní omi àti ṣíbí. Ó da ẹ̀fọ́ inú ọ̀rá sínú ife, ó rò ó, ó gbé e mì. Ó wá lá ṣíbí náà, níwájú àti lẹ́yìn.

"Ẹ wò mí. Ṣé mo kú?"

Ọ̀gá láàbù rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Ẹ̀fọ́ lílọ̀ náà lẹ̀ mọ́ eyín Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ó ń fi ahọ́n wá a kiri.

"Kì í pa àgbà lójọ́ kan, sà," ni Onímú wí. "Ọmọdé ló ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbàgbé ọ̀rọ̀ tó mọ̀."

"Ọmọ mi, ìyá ló yẹ kó máa ṣọ́ ohun tó ń fún ọmọ ẹ̀ jẹ," ni Ẹlẹ́fọ̀ọ́ dá a lóhùn, ó sì fi áńkáṣíìfù nu ẹnu.

Onímú jáde, ó lọ bì ní ilé ìtọ̀. Òórùn ásíìdì kò lé e síbẹ̀ rí láti ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rín ọ̀gá rẹ̀ ló lé e síbẹ̀.

Láti ibẹ̀, ó gba ọ́fíìsì àwọn wolé-wolé lọ. Wolé-wolé kan, ìyá àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn ún, ló bá níbẹ̀. Ìyá náà wo ọ̀rá ẹ̀fọ́ àti èsì tó kó wá, ó wọ bàtà, ó ní kó jẹ́ kí àwọn lọ.

Ní iwájú iléeṣẹ́ náà, yàrá kékeré kan wà tí wọ́n lẹ táìlì funfun sí. Àwọn ọmọbìnrin tó dé fìlà ń ṣan ewé nínú omi tó mọ́ lóló. Onímú mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ibẹ̀ ni ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń gbé wá sí láàbù ti ń wá. Wolé-wolé bi wọ́n pé, "Ibo lẹ ti ń sá ìyókù?" Wọ́n tún da omi sórí ewé. Ìyá náà wo ipa táyà bárò nílẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé e, ó ń tiro, títí wọ́n fi yọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Èéfín ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Wọ́n kó bátìrì ọkọ̀ tó ti kú jọ bí òkè, wọ́n ń fọ́ wọn, wọ́n ń yọ́ òjé inú wọn nínú agbada irin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada náà, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ti dúdú, ni wọ́n tẹ́ ewé sí lọ salalu. Eérú ń bà lé e. Ọkùnrin kan ń fi ṣọ́bìrì yí ewé padà. Ó dáwọ́ dúró, ó fi ṣọ́bìrì kan náà kó eérú kúrò lábẹ́ agbada, ó sì tún padà sórí ewé.

"Kí ló dé tó jẹ́ ibí lẹ ń sá a sí?" ni wolé-wolé bi í.

"Ibí ló gbóná jù, mà. Bí òjò ń rọ̀ gan-an, ó máa gbẹ."

"Ta ló ni bátìrì?"

"Ọ̀gá kan náà ni, mà."

Ó dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó tún bi Onímú bóyá ó fẹ́ ra èyí tó ti gbẹ.

Wolé-wolé ti iléeṣẹ́ náà pa lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì kó ẹ̀fọ́ náà kúrò ní àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá láàbù ní kí Onímú kọ ọ́ pé àṣìṣe ló ṣe. Ó kọ̀. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò padà síbẹ̀ mọ́. Ọsibítù tí wọ́n ti tọ́jú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà á sí láàbù tiwọn. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọ̀rá ẹ̀fọ́ mìíràn fi jáde, orúkọ rẹ̀ yàtọ̀, àwòrán ọmọ ara rẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n ní Ẹlẹ́fọ̀ọ́ náà ló ń ṣe é. Onímú àti wolé-wolé ti rà á, wọ́n sì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ náà ti ń jẹun. Ó tún ti ń pe "omi" àti "bàbá", ṣùgbọ́n dókítà kò ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ ló máa padà. Bàbá rẹ̀ ló ń fún un lóúnjẹ báyìí, nítorí ìyá rẹ̀ kò jẹ́ fọwọ́ kan ṣíbí ọmọ mọ́.

Láìpẹ́ yìí, Onímú pàdé ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ lẹ́nu ọ̀nà báńkì. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí i. Onímú wo ọwọ́ náà. "Ẹ kú ìrìn, sà," ló wí, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.