Omi Ọsàn Ìyá Ọkọ Mi

Òórùn èèpo ọsàn kì í tán ní Manigri, ìlú wa, nígbà tí ọsàn bá pọ̀. Bí o bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà ọ̀dà báyìí ni yóò pàdé rẹ. Òórùn yẹn gan-an ló máa ń wà lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi láràárọ̀ nígbà tí àkọ́bí mi pé oṣù mẹ́fà. Wọn á fún ọsàn sínú ife, wọn á fi asẹ́ sẹ́ ẹ, wọn á máa fi ṣíbí bù ú sí ọmọ lẹ́nu. "Mu ún, ọkọ mi," ni wọn á máa wí. Ọmọ á fajú ro, á sì tún yanu. Ẹ̀rín á pa wá.

Àfi ọjọ́ tí mo gbé ọmọ lọ wọ̀n ní ilé ìwòsàn Bassila, tí nọ́ọ̀sì ní ká má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní omi ọsàn mọ́, pé ó ń gba àyè ọmú àti oúnjẹ. Ó ní ká jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ kó máa jẹ ọsàn gan-an. Háà! Ta ni yóò gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn délé fún ìyá ọkọ? Mo kúnlẹ̀, mo rọra sọ ọ́.

"Ìyàwó mi, àwọn nọ́ọ̀sì náà ló kọ́ wa pé ká máa fún wọn!" ni ìyá wí. "Ìyá mi ní ohun kíkan á fún ọmọ níkọ́, èmi ni mo bá wọn jà lé e lórí."

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ìgbà ò lọ bí òréré lóòótọ́: ìyá tiwọn kọ̀ ọ́, àwọn gbà á, èmi ni wọ́n tún ní kí n kọ̀ ọ́. Ó wù mí kí n mọ ohun tó ń yí ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn báyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, wọn ò fún ọsàn mọ́, wọn ò sì gbé ọmọ mọ́. Mo rò pé wọ́n ń bínú sí mi ni.

Nígbà tí ọjọ́ ìwọ̀n tún pé, ìyá ní àwọn á bá mi lọ. A gun alùpùpù, ọmọ wà lẹ́yìn mi, títí a fi dé Bassila. Nígbà tó kàn wá, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n tú ọmọ sílẹ̀.

"Ọmọ mi," wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì, "ẹ̀gbọ́n ọkọ obìnrin yìí kú mọ́ mi lọ́wọ́ kó tó pé ọdún kan. Mo ń fún òun náà ní omi ọsàn. Ṣé èmi ni mo pa á?"

Mi ò gbọ́ ọ rí pé wọ́n bí ẹnikẹ́ni ṣáájú ọkọ mi. Nọ́ọ̀sì fún ìyá ní àga, ó bi wọ́n bí àìsàn náà ṣe rí. Wọ́n sọ ọ́: ara tó gbóná bí iná, gìrì tó gbé ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ibà ló jọ, ìyá. Omi ọsàn kì í fa èyí," ni nọ́ọ̀sì dáhùn. "À ń ní kẹ́ ẹ má fún un torí pé kì í ṣara lóore bí ọmú. A ò sọ pé ó ń pa ọmọ."

Ìyá mí kanlẹ̀. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba ọmọ lẹ́yìn mi, wọ́n dì í mọ́ra, wọ́n sì sunkún lójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Èmi náà sunkún, kí n má purọ́ fún ọ.

Ọ̀rẹ́ mi, mo ṣì máa ń fẹ́ mọ ìdí tí ìmọ̀ràn lórí ọmọ fi ń yí padà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mú bọ̀ láti Bassila lọ́jọ́ yẹn ni pé ọ̀rọ̀ tuntun tí a gbé wọlé nítorí ọmọ tó wà láàyè máa ń kan èyí tó ti lọ. Bí ọmọ mi bá di bàbá lọ́la, tí wọ́n sì sọ fún un pé ohun tí mo fi tọ́ ọ kò dára, kó má kàn wí fún mi kó kọjá. Kó mú mi dání, ká jọ lọ bèèrè.