Àtẹ́lẹwọ́ Nínú Gaàrí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí n tó mọ ọ̀nà ilé ìwé dáadáa ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ti mọ̀ pé gaàrí lè rojọ́ mọ́ ènìyàn.

Ṣakí ni wọ́n ti mú mi wá. Bàbá mi ti kú, ìyá mi sì fi mí sọ́dọ̀ Màmá Tíṣà, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, pé kí n máa bá wọn ṣiṣẹ́ ilé, kí wọ́n máa rán mi nílé ìwé. Mo ń pọnmi, mo ń fọ abọ́, mo sì ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́ títí ọwọ́ á fi máa yún mi. Wọ́n ní Sàfúrátù tí wọ́n sọ mí nílé ti gùn jù lẹ́nu, ni wọ́n bá sọ mí ní Sárà, mo sì ń tẹ̀ lé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí gaàrí Ìjẹ̀bú ìgbà náà, tó kan débi pé ẹni tó ń mu ún á dijú. Màmá Tíṣà kì í fi tiwọn ṣeré. Inú garawa tó ní ìdérí ni wọ́n ń kó o sí. Bí wọ́n bá ti bù ú tán, wọ́n á tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n á wá tẹ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún wọn mọ́ ọn. Wọ́n á ní, "Onílé tí kò bá fura, olè ni yóò kó o." Èmi ni wọ́n sì máa ń wò bí wọ́n bá ń sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ èmi nìkan kọ́ ni ọmọ ilé náà. Yétúndé jẹ́ ọmọbìnrin bíi tèmi, ṣùgbọ́n ọmọ bíbí inú wọn ni. Láyí, ọmọ àbúrò wọn láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ń gbé lọ́dọ̀ wọn bíi tèmi, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ni. Èmi ni obìnrin, èmi ni ọmọ ọ̀dọ̀, èmi ni ará òkè, èmi ni ọmọ ìmàle. Bí ẹran bá dín nínú ọbẹ̀, ta ni yóò bi Láyí? Bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan ìdérí garawa, ńṣe ni mo máa ń kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn, àfi bí ẹni pé ọwọ́ náà lè lọ jalè láìsọ fún mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí ìdánwò ìwé mẹ́fà mi ku ọ̀sẹ̀ méjì, gaàrí fà, ó dín kù, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ ṣì wà lójú rẹ̀. Màmá Tíṣà ní èmi ni mo jí i bù, tí mo sì fi ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ padà. Wọ́n ní kí n di ẹrù mi, ó di Ṣakí. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí mo mọ̀ pé bí mo bá padà sílé, ìwé mi parí nìyẹn. Mo ń sunkún, mo ń di ẹrù, ni mo bá tún yọjú wo inú garawa. Àtàǹpàkò ibẹ̀ kọjú síbi tí kò yẹ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ yín lé e."

Wọ́n gbé e lé e. Kò bá a mu rárá. Ọwọ́ òsì ni. Yétúndé nìkan sì ni ọlọ́wọ́ òsì ilé wa, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń nà án nítorí rẹ̀. Màmá wò ó, wọ́n wò mí. Wọ́n ní:

"Sárà, ìwọ lo kọ́ ọ lólè jíjà."

Mo kúnlẹ̀, mo káwọ́ sókè títí di àkókò oúnjẹ alẹ́. Wọn kò mẹ́nu ba Ṣakí mọ́, wọn kò sì bẹ̀ mí. Mo ṣe ìdánwò náà, mo yege, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi sí wọn.

Lóde òní, èmi náà ti di màmá onílé ní Ìjẹ̀bú-Òde kan náà. Garawa ti di ike, omi ẹ̀rọ ti wọlé, àwọn ọmọ mi kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń rin ewùrà. Ẹnẹ, ọmọ Ìgedé láti Bẹ́núé tó ń bá mi ṣiṣẹ́, ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni mo sì ń pè é. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ṣí ike gaàrí, ó sì dà bí ẹni pé ó ti fà. Ọkàn mi kò tilẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ mi. Mo tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, àtẹ́lẹwọ́ mi ti wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ẹnẹ wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ń wo ojú gaàrí náà. Ó rọra kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.