Akọ̀ròyìn Inú Ilé Mi

Ìrì ṣì ń sẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ ayálégbé mi ní Ìgbògbò tẹ̀lé mi lọ sọ́jà ẹja l'Ẹ̀pẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó fẹ́ kọ̀wé nípa àwọn ẹlẹ́ja sínú ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ohun yòówù kí n sọ fún un, á ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Màámà?"

Ẹnikẹ́ni ò tíì ra nǹkan tó fi da ìbéèrè bo ìyá ẹlẹ́ja kan.

"Ọmọ yìí, n ò tíì tà o! Ṣé ẹnu lo fẹ́ fi ṣí ọjà mi ni?"

Ó lé e. Bẹ́ẹ̀, ọ̀tunla ni ilé-ẹ̀kọ́ máa gba àpilẹ̀kọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kàn rẹ́rìn-ín: "Màámà, wọ́n á bá mi sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣáájú gbogbo oníbàárà débẹ̀, ó ra ẹja àkọ́kọ́ láì ná an rárá, ó wá kúnlẹ̀: "Ẹ kú ọjà, Màámi. Ta ló kọ́ yín níṣẹ́ yìí?"