Àgádágodo Méjì Lẹ́nu Yàrá Obì

Nígbà tí àwọn olùkọ́ wa ní yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, mo kó ìwé mi wálé sí Ṣàgámù. Bọ́ǹbù átọ́míìkì ni mò ń kọ̀wé lé lórí, àti bí àwọn orílẹ̀-èdè tó ní in ṣe ń bá ara wọn lò. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní bí ẹni méjì bá lè pa ara wọn run, ìbẹ̀rù ò ní jẹ́ kí wọ́n jà. Mo gbà wọ́n gbọ́ pátápátá.

Ìyá mi àti àbúrò bàbá mi obìnrin jọ ń kó obì gbàǹja sí yàrá kan. Wọ́n wá jà lórí ẹni tí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò wà níbi tó tutù jù. Àǹtí mi fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn. Kò pẹ́, ìyá mi fi tirẹ̀ kún un. Kò wá sẹ́ni tó lè dá wọlé mọ́. Inú mi dùn, ẹ má bá mi wí. Mo ní ìwé mi ló ń ṣẹ lójú mi yìí. Lóòótọ́, ìjà tán. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ṣa obì, ká pààrọ̀ ewé rẹ̀, kòkòrò á wọ̀ ọ́. Gbogbo òwò ìyá mi ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn.

Ni mo bá sọ ara mi di aṣojú ìjọba. Mo lọ bá àǹtí mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì jọ ṣí i.”

“Ṣé èmi ni màá lọ bá ìyàwó ilé? Ó bá mi nílé yìí. Kó wá.”

Mo jíṣẹ́ fún ìyá mi.

“Èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà,” ló fèsì.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n ta ni àgbà níbí? Ẹni tí wọ́n pọ̀n ni ọkọ, ẹni tó pọ̀n ọ́n ni ìyàwó. Ìwé mi ò mọ irú èyí. Orí mi dàrú.

Nígbà tí òórùn obì tó ń bàjẹ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn méjèèjì jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan láìsí ẹni tó pè wọ́n. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n jókòó, wọ́n ń ṣa obì. Wọn ò kí ara wọn. Obì ìyá mi tó dànù pọ̀ ju èyí tó kù lọ. Nígbà tí wọ́n parí, oníkálukú tún fi àgádágodo rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ìyá mi wá na kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí àǹtí mi. Àǹtí mi gbà á, ó sì na tirẹ̀ padà.

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dá wọlé. Mo bi ìyá mi léèrè ohun tó yàtọ̀.

“Tèmi wà lọ́wọ́ ẹ̀,” ó ní. “Ọkàn mi balẹ̀.”

Ó wọlé lọ sùn lọ́sàn-án gangan. Mo jókòó ti ìwé mi, n kò mọ ohun tí mo lè kọ.